Òkìtì òkúta ńlá tó wà lábẹ́ omi Gálílì: ta ló kó o jọ, kí ni wọ́n fi ṣe?

Ọmọ Òkè-Fíà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo àti gbogbo ẹni tó wà níbí. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá torí mo mọ̀ pé a ní tíṣà níbí, a ní birikilà, a ní ẹlẹ́ja, a ní ẹni tó kàwé nípa òkúta, kálukú ló máa rí nǹkan sọ sí i.

Ẹ mọ omi Gálílì tí Bíbélì ń pè ní òkun, níbi tí Pétérù ti ń pẹja? Adágún omi ni, kò níyọ̀, Ísírẹ́lì ló wà. Lọ́dún 2003 àwọn onímọ̀ kan ń fi ẹ̀rọ sonar yẹ ìsàlẹ̀ omi náà wò, ẹ̀rọ yẹn máa ń rán ìró lọ sísàlẹ̀, ìró á padà wá, òun ni wọ́n fi ń mọ bí ilẹ̀ abẹ́ omi ṣe rí. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kò sí gegele kankan, àfi bí wọ́n ṣe ṣàdédé bá òkìtì kan pàdé lápá gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó fẹ̀ tó 70 mítà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ó ga tó nǹkan bíi 10 mítà, ó rí róbótó nísàlẹ̀ ó wá ń kéré bọ̀ bó ṣe ń lọ sókè. Wọ́n ṣírò ìwúwo ẹ̀ sí 60,000 tọ́ọ̀nù. Àwọn òmùwẹ̀ wọ inú omi lọ wò ó, òkúta basalt ni gbogbo ẹ̀, ìyẹn òkúta dúdú tó jáde látinú iná abẹ́ ilẹ̀ nígbà láéláé, àwọn kan nínú ẹ̀ gùn tó mítà kan. Wọn ò rí ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ, wọn ò rí ògiri, òkúta lórí òkúta ṣá ni. Ọdún 2013 ni ìwádìí yẹn jáde, Shmuel Marco ti Yunifásítì Tel Aviv àti awalẹ̀pìtàn kan tó ń jẹ́ Yitzhak Paz wà lára àwọn tó ṣe é, ohun tí wọ́n sì sọ ni pé ọwọ́ èèyàn ló kó o jọ.

Ìbéèrè mi wá ni pé ta ló máa kó irú òkúta báyẹn jọ, kí ló fẹ́ fi ṣe, báwo ló sì ṣe dé abẹ́ omi? Mo ti kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn òmìrán ni, àwọn míì ní àwọn tó ti ojú ọ̀run wá ni. Ọkàn mi ò gba ìyẹn rárá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí i.

Ajíhìnrere Àgùnbẹ́lẹ́wò
Ẹ ṣé é tí ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí wá, ọmọ mi. Bí mo ṣe kà á ni mo ti gbé Bíbélì, torí mo mọ̀ pé àwọn èèyàn á ti máa sọ pé òkúta méjìlá tí Jóṣúà tò ni. Kì í ṣe òun o. Odò Jọ́dánì ni Jóṣúà to tiẹ̀ sí, lọ́kàn-ánkán Jẹ́ríkò, ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ló sì gbé òkúta kọ̀ọ̀kan sórí èjìká. Òkúta méjìlá ò lè di 60,000 tọ́ọ̀nù.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé àwọn ará ilẹ̀ yẹn, àṣà wọn ni kí wọ́n máa kó òkúta lé òkú lórí. Ẹ wo Ákánì nínú Jóṣúà orí keje, wọ́n kó òkìtì òkúta ńlá lé e. Ẹ wo ọba Áì ní orí kẹjọ, ẹnu ibodè ìlú ni wọ́n gbé òkú ẹ̀ jù sí tí wọ́n wá kó òkúta jọ lé e lórí. Ábúsálómù ńkọ́? Inú ihò ńlá nínú igbó ni wọ́n sọ ọ́ sí, òkìtì òkúta ńlá ló tẹ̀ lé e. Jékọ́bù àti Lábánì náà kó òkúta jọ, tiwọn kì í ṣe ti òkú, ẹ̀rí májẹ̀mú ni, pé ìwọ ò gbọdọ̀ kọjá ibí wá bá mi jà, èmi náà ò ní kọjá. Nítorí náà tí ẹnì kan bá bi mí pé kí làwọn èèyàn àgbègbè yẹn máa ń fi òkìtì òkúta ṣe, nǹkan méjì ni màá sọ, sàréè tàbí ààlà. Mi ò sọ pé inú Bíbélì ni òkìtì yìí wà o, mo ti wá a títí, kò sí níbẹ̀.

Birikilà Dàda
Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fojú iṣẹ́ wo 60,000 tọ́ọ̀nù yìí ná. Típà onítáyà mẹ́wàá tó ń kó gíránáìtì wá bá wa láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ká ní ogún tọ́ọ̀nù ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn jẹ́ típà 3,000. Ẹ ronú ẹ̀ wò, típà 3,000 tó ń já òkúta sójú kan náà! Tí típà ọgbọ̀n bá ń já lójúmọ́ ó máa tó ọgọ́rùn-ún ọjọ́ kó tó tán.

Ó dáa, wọn ò ní típà, ọwọ́ ni wọ́n ní. Lébìrà tó gbóná dáadáa, tó ń gbé òkúta tó wọn àádọ́ta kílò, tí ibi tó ti ń gbé e ò bá jìnnà, á gbé mẹ́wàá lójúmọ́ láìkú, ìyẹn ni ààbọ̀ tọ́ọ̀nù. Ká wá ní igba èèyàn ló ń ṣe é, ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù lójúmọ́ nìyẹn. 600 ọjọ́ ni wọ́n máa fi parí ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ìkórè nìkan ni wọ́n ń wá ṣe é, ká ní ọgọ́ta ọjọ́ lọ́dún, ọdún mẹ́wàá. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ iwin? Iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ni. Èyí tó gùn tó mítà kan yẹn lè ju tọ́ọ̀nù kan lọ lóòótọ́, ìyẹn kì í ṣe ẹrù orí, wọ́n á fi igi gbọọrọ yí i tẹ̀síwájú, wọ́n á to pòpó igi sábẹ́ ẹ̀ wọ́n á máa fi okùn fà á. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi igi àti okùn yí òkúta kúrò nínú fáńdéṣọ̀n, èèyàn mẹ́fà péré ni, wọn ò lo ẹ̀ńjìnnì kankan.

Ohun kan ló yà mí lẹ́nu. Òkìtì tó ga tó 10 mítà, ilé alájà mẹ́ta nìyẹn o, tí wọn ò mọ ògiri sí etí ẹ̀ kankan, kò gbọdọ̀ dúró ṣánṣán, ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ nísàlẹ̀ dáadáa kó má baà ya. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ̀ tó 70 mítà. Ẹni tó kó o jọ mọ ohun tó ń ṣe.

Akin Jálèyemí
Mo kí gbogbo yín. Èmi ò fara mọ́ ọn pé èèyàn ló ṣe é. Ẹ ṣáà máa ń rí àwọn nǹkan báyìí lábẹ́ omi káàkiri ayé, ní Japan, ní Bahamas, gbogbo ẹ̀ jọra. Ó ní ìlú ńlá kan tó ti rì, Atlantis, àwọn tó ní ọgbọ́n tó ju tiwa lọ. Báwo lẹ ṣe fẹ́ sọ fún mi pé àwọn tí ò ní irin tó dáa lọ́wọ́ ló kó 60,000 tọ́ọ̀nù?

Káyọ̀dé Onímọ̀-Òkúta
Ẹ̀gbọ́n Akin, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti Japan àti Bahamas yẹn torí òkúta ni mo kọ́ ní yunifásítì. Wọn ò jọra rárá, ohun tó sì yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa gan-an nìyẹn: ṣé èèyàn ló ṣe é àbí ilẹ̀ fúnra ẹ̀?

Ti Japan yẹn, Yonaguni ni wọ́n ń pè é, ọdún 1986 ni òmùwẹ̀ kan rí i. Ó ní àtẹ̀gùn, ó ní igun tó mú ṣánṣán, tí èèyàn bá wo fọ́tò ẹ̀ á ní àwọn kan ló gbẹ́ ẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Japan kan, Masaaki Kimura, ní èèyàn ló ṣe é. Robert Schoch, onímọ̀ òkúta láti Boston, lọ wẹ̀ níbẹ̀, ó ní òkúta iyanrìn ni, ìpele ìpele ló fi jókòó, ó sì ní ojú ibi tó ti máa ń sán lọ́nà tó gún régé, tí ìgbì òkun àti ilẹ̀ ríri bá ń já a kúrò díẹ̀díẹ̀ á di àtẹ̀gùn. Ohun tó jẹ́ kí n gba ti Schoch ni pé gbogbo ẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ àpáta ìsàlẹ̀ ẹ̀, kò sí òkúta tí wọ́n gbé wá láti ibòmíì tò síbẹ̀. Ti Bahamas, Bimini, tí wọ́n rí lọ́dún 1968, òkúta etí òkun ni, iyanrìn àti ìkarahun tó dì pọ̀ tó wá sán sí wẹ́wẹ́ bíi pálánkì tí wọ́n tò.

Ẹ tún wo ti Zakynthos nílẹ̀ Gíríìkì. Àwọn tó ń wẹ̀ rí nǹkan tó jọ òpó àti ilẹ̀ tí wọ́n fi òkúta tẹ́, gbogbo ayé ní ìlú tó rì ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2016, gáàsì mẹ́táènì tó ń jò látinú ilẹ̀ abẹ́ òkun ló fà á, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-tín tójú ò lè rí ń jẹ gáàsì yẹn, ibi tí wọ́n wà á wá dì bíi símẹ́ńtì yí ojú ihò náà ká. Kò sí ìkòkò níbẹ̀, kò sí owó, kò sí nǹkan tí èèyàn lò.

Ti Gálílì wá yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Òkúta ibẹ̀ ò lẹ̀ mọ́ àpáta kankan, ẹyọ ẹyọ ni, wọ́n dá dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Tó bá jẹ́ odò ló gbé e wá, á tẹ́ rẹrẹ lọ bí àtẹ́lẹwọ́, iyanrìn àti ẹrọ̀fọ̀ á sì wọ àárín wọn. Tó bá jẹ́ òkè ló ya, ẹ̀gbẹ́ kan á ga ju èkejì lọ, ẹ máa rí ojú ibi tó ti ya wá. Òkìtì róbótó tó dá wà, tó jẹ́ òkúta nìkan, ilẹ̀ kì í ṣe irú ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ohun tí àwọn tó kọ ìwádìí yẹn náà sọ nìyẹn.

Ọmọ Òkè-Fíà
Káyọ̀dé, o ṣé gan-an. Ẹ̀gbọ́n Akin, mo fẹ́ fi gbogbo ọ̀wọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín, torí ó dùn mí. Ọ̀rọ̀ Atlantis yìí, ṣé ẹ mọ̀ pé àwa náà ti jẹ ìyà ẹ̀ rí? Lọ́dún 1910, ará Jámánì kan, Leo Frobenius, wá sí Ilé-Ifẹ̀ níbí, kò jìnnà sí wa. Ó rí àwọn orí amọ̀ àti orí idẹ tí àwọn baba wa ṣe, ó dára débi pé kò lè gbà pé èèyàn dúdú ló ṣe é. Kí ló sọ? Ó ní àwọn ará Atlantis ni, pé àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló wá tẹ̀dó sétí òkun wa. Ojú àwọn ọmọ Ifẹ̀ ló wà nínú iṣẹ́ yẹn, ilà ojú wọn, adé wọn, ó sì gbé e fún ẹlòmíì.

Ẹ wo Erédò Sùngbọ́ ní Ìjẹ̀bú, yàrà àti òkìtì tó yí ilẹ̀ ká tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ibòmíì wà tí gíga ẹ̀ tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì. Ọkọ́ àti apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, nínú igbó kìjikìji, nínú òjò. Tí a bá ní àwọn ará Gálílì ò lè kó òkúta jọ, a jẹ́ pé àwọn ará Ìjẹ̀bú ò lè gbẹ́ Erédò náà nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rí iṣẹ́ ńlá tí wọn ò mọ orúkọ ẹni tó ṣe é, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ àwọn èèyàn ibẹ̀, wọ́n á gbé e fún ẹni tí kò sí. Mi ò fẹ́ kí àwa tí wọ́n ti ṣe é fún máa ṣe é fún ẹlòmíì.

Akin Jálèyemí
Mo gbọ́ ọ, àbúrò. Ti Frobenius yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàlàyé ibi kan fún mi: tó bá jẹ́ èèyàn ló ṣe é, kí ló dé tó fi wà lábẹ́ omi?

Tíṣà Jọ́gíráfì
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ̀yin ẹ wo Kainji ná. Bussa àtijọ́, ìlú tí Mungo Park kú sí ní 1806, ibo ló wà lónìí? Ó wà lábẹ́ omi. Nígbà tí wọ́n ṣe dáàmù Kainji tán ní 1968, omi Ọya kún, ó bo ìlú àti oko, ó lé ní 40,000 èèyàn tí wọ́n kó kúrò. Tí òmùwẹ̀ kan bá lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún méjì ọdún, tó bá rí ìpìlẹ̀ ilé, ṣé á ní àwọn èèyàn inú omi ló kọ́ ọ? Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n kọ́ ọ sí, omi ló wá bá a.

Adágún Gálílì náà, omi ẹ̀ kì í dúró sójú kan. Lọ́dún 1989 ọ̀gbẹlẹ̀ mú kí omi náà fà gan-an, ibùdó àwọn èèyàn àtijọ́ kan jáde síta, Ohalo II ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní ó ti tó 23,000 ọdún. Wọ́n rí ibi ahéré tí wọ́n fi ẹ̀ka igi kọ́, ojú ààrò, hóró ọkà, egungun ẹja, sàréè èèyàn kan pẹ̀lú. Abẹ́ omi ni gbogbo ẹ̀ ti wà láti ìgbà yẹn, ẹrọ̀fọ̀ ló tọ́jú ẹ̀ tí kò fi jẹrà. Ìyẹn ni pé àwọn èèyàn ti gbé níbi tó jẹ́ abẹ́ omi lónìí. Ilẹ̀ ibẹ̀ náà tún wà lójú ibi tí ilẹ̀ ti pín sí méjì, ojú ẹ̀ já láti Òkun Pupa gba Òkun Òkú kọjá lọ sókè, ẹ̀gbẹ́ kan ń rìn, èkejì ń rìn, àárín ń rì díẹ̀díẹ̀. Ojú omi Gálílì fúnra ẹ̀ fi nǹkan bí 210 mítà rẹlẹ̀ sí ojú òkun ńlá. Torí náà omi lè gòkè wá bá òkìtì, ilẹ̀ sì lè sọ̀kalẹ̀ gbé e lọ bá omi.

Kì í ṣe ibẹ̀ nìkan. Ní Jámánì lọ́dún 2021, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Yunifásítì Kiel bá ọ̀jọ̀gbọ́n wọn lọ sórí Òkun Baltic, wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tí ń wo ìsàlẹ̀ omi, wọ́n bá rí ìlà òkúta kan tó gùn tó kìlómítà kan dín díẹ̀, 21 mítà ni ó jìn sí ojú omi. Òkúta bíi 1,670 ni, ó ga kò tó mítà kan, wọ́n fi àwọn kéékèèké so àwọn ńlá pọ̀. Lọ́dún 2024 wọ́n ní àwọn ọdẹ ló ṣe é, ó lé ní 10,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́bàá adágún kan, wọ́n ń fi darí àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù kí wọ́n lè rí i pa. Ọgbọ́n ọdẹ lásán ni, yìnyín àgbáyé ló yọ́ tí òkun fi gòkè.

Ìyá Àmọ̀kẹ́ Ẹlẹ́ja
Ẹ kú ìjókòó. Ọjà Olúọdẹ ni mo ti ń ka gbogbo èyí, mo wá ń wò ó pé kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ẹja, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n ń pẹja nínú ẹ̀ lẹ ń sọ. Ìyá tó bí mi lọ́mọ, ọkọ ẹ̀ apẹja ni. Ẹja fẹ́ràn ibi tó lè sá pamọ́ sí. Ibi tí òkúta bá wà nínú odò, ibi tí igi bá wó sí, ibẹ̀ ni bàbá mi máa ń dẹ ìgèrè sí. Ẹ̀ẹ̀rùn tí Ọ̀ṣun bá fà, tí òkúta yọ orí, ẹ lọ wo ẹ̀gbẹ́ òkúta yẹn, ewé omi aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ á bò ó, ẹja wẹ́wẹ́ á máa ha á jẹ. Ẹja ńlá á tẹ̀ lé ẹja wẹ́wẹ́.

Àwọn ará Gànvíé ní orílẹ̀-èdè Benin (èyí tí ń sọ Faransé ni mò ń wí o) máa ń ki ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú ọ̀sà wọn, àkájà ni wọ́n ń pè é, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, ẹja á wọnú ẹ̀ á máa gbébẹ̀, wọ́n á wá fi àwọ̀n yí i ká wọ́n á fa igi yọ, ẹja á kún ọkọ̀. Ṣé kò lè jẹ́ pé irú ẹ̀ làwọn ará Gálílì ṣe, tí wọ́n fi òkúta ṣe tiwọn torí òkúta ni wọ́n ní?

Káyọ̀dé Onímọ̀-Òkúta
Màámi, ẹ ti sọ èyí tó lágbára. Àwọn tó kọ ìwádìí náà ò fi í sílẹ̀, wọ́n ní ó lè jẹ́ pé inú omi gan-an ni wọ́n ti kó o jọ láti fi fa ẹja. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ nǹkan kan tó máa dùn mọ́ yín: irú èpìyà kan tó pọ̀ nínú omi Gálílì, tí orúkọ ìwé ẹ̀ jẹ́ Sarotherodon galilaeus, orúkọ Gálílì ló wà lára ẹ̀ yẹn, ẹja yẹn kan náà wà nínú omi tiwa níbí, ó pọ̀ ní Kainji. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti tà á.

Ìyá Àmọ̀kẹ́ Ẹlẹ́ja
Háà! Èpìyà ńkọ́, mò ń tà á, tútù àti yíyan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀, Káyọ̀dé. Ó ní èyí tó jẹ́ pé ẹnu ló ń kó ẹyin sí. Tí ẹ bá la ẹnu ẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú àwọ̀n, ẹyin á máa tú jáde, nígbà míì ọmọ wẹ́wẹ́ tó ti ń rìn. Ṣé èyí tí ẹ ń sọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Káyọ̀dé Onímọ̀-Òkúta
Bẹ́ẹ̀ ni mà. Akọ àtabo ló ń fi ẹnu kó ẹyin.

Ìyá Àmọ̀kẹ́ Ẹlẹ́ja
Tóò. Ẹja tó ń fi ẹnu tọ́ ọmọ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ilé ìtọ́mọ fún un. Ó kàn máa wá síbi òkúta láti jẹun àti láti sá fún ẹja ńlá ni. Mi ò sì rí apẹja tó máa kó típà 3,000 jọ torí ìyẹn. Apẹja ń wá ohun tó máa jẹ lónìí. Tí bàbá mi bá fẹ́ fa ẹja, òkúta tí ọmọ ẹ̀ lè gbé láàárọ̀ ọjọ́ kan ti tó. Ẹ tún wo gíga yẹn, ilé alájà mẹ́ta, inú omi, kí ni ẹ fẹ́ fi àwọ̀n yí ká níbẹ̀? Àwọ̀n á há sára òkúta á ya. Àkájà, wọ́n ń fa igi ẹ̀ yọ kí wọ́n tó kó ẹja. Ta ló fẹ́ fa òkúta yẹn yọ? Èmi tí mo mú ọ̀rọ̀ ẹja wá, mo rò pé ẹja ti wà lára ẹ̀ nísinsìnyí, ẹja ló jàǹfààní ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe torí tiẹ̀ ni wọ́n ṣe é.

Birikilà Dàda
Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ fi kún un. Tó bá jẹ́ inú omi ni wọ́n ti kó o jọ, inú ọkọ̀ ni wọ́n máa gbé òkúta sí kí wọ́n wá jù ú sísàlẹ̀. Òkúta tó lé ní tọ́ọ̀nù kan nínú ọkọ̀ apẹja? Ọkọ̀ máa dojú dé. Tí èèyàn bá sì ń jù ú látorí omi, á fọ́n ká ni, kò ní ṣe róbótó tó gún báyẹn. Orí ilẹ̀ ni.

Ajíhìnrere Àgùnbẹ́lẹ́wò
Orí ilẹ̀, a jẹ́ pé ti sàréè àti ti ààlà tí mo sọ ló kù. Ìlú wo ló wà nítòsí?

Tíṣà Jọ́gíráfì
Bet Yerah, bàbá. Nǹkan bíi máìlì kan ló jìn sí òkìtì náà. Láàárín ọdún 3000 sí 2000 kí wọ́n tó bí Jésù, ó wà lára àwọn ìlú tó tóbi jù tó sì ní odi jù ní gbogbo àgbègbè yẹn. Paz rò pé ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe òkìtì náà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ará ìlú yẹn ló ṣe é. Lórí òkè Golan tí kò jìnnà síbẹ̀, òmíì tún wà, Rujm el-Hiri, òkúta basalt kan náà, wọ́n tò ó ní òbírí lẹ́yìn òbírí, òkìtì wà láàárín, ó lé ní 40,000 tọ́ọ̀nù. Àwọn èèyàn àgbègbè náà mọwọ́ òkúta, wọ́n sì lè kó èèyàn jọ ṣe iṣẹ́ ọlọ́dún gbọọrọ.

Tèmi, sàréè ni. Ààlà kì í ṣe róbótó, ó máa ń gùn ni, ẹ wo Erédò. Iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ tí Birikilà ṣírò yẹn, tí gbogbo ìlú ń jáde lẹ́yìn ìkórè lọ́dọọdún, ẹni tí ìlú máa ṣe irú ẹ̀ fún ni ọba wọn tàbí òkú àwọn baba ńlá wọn lápapọ̀. Ní Yúróòpù náà, òkìtì òkúta ńlá tí wọ́n fi bo òkú pọ̀ gan-an láyé àtijọ́, Paz fúnra ẹ̀ ní èyí jọ ọ́.

Akin Jálèyemí
Tíṣà, èyí wọlé sí mi nínú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọn ò rí egungun kan níbẹ̀, àbí wọ́n rí i?

Káyọ̀dé Onímọ̀-Òkúta
Nígbà tí wọ́n gbé ìwádìí yẹn jáde ní 2013, kò tíì sẹ́ni tó gbẹ́ ibẹ̀. Wíwẹ̀ ni wọ́n wẹ̀ yí i ká. Ìdí òkìtì náà sì ti rì sínú iyanrìn tó jìn tó 2 sí 3 mítà, iyanrìn yẹn ni wọ́n fi fojú bù ú pé ọjọ́ orí ẹ̀ á wà láàárín 2,000 sí 12,000 ọdún. Àlàfo yẹn fẹ̀ jù. Ti Paz tó sọ pé ìgbà Bet Yerah ni, ó fi ohun tó yí i ká gbé e ni.

Ohun tí mo máa fẹ́ kí wọ́n ṣe, tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n fún lówó ẹ̀, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí. Èèyàn á fẹ́ ṣí òkúta láti òkè wá kó lè rí òkú, ìyẹn á gba ọdún àìmọye, á sì ba òkìtì jẹ́. Etí ìsàlẹ̀ ni màá lọ. Màá gbẹ́ iyanrìn yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí mo máa fi dé abẹ́ òkúta tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, màá wá fi páìpù bu ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹrọ̀fọ̀ adágún ló wà níbẹ̀, tí ìkarahun ìgbín inú omi àti ìpẹ́ ẹja kún inú ẹ̀, a jẹ́ pé omi ti wà níbẹ̀ kí òkúta tó dé, ọ̀rọ̀ ẹja á gbérí padà. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ oko ni, tó ní gbòǹgbò koríko àti ìkarahun ìgbín orí ilẹ̀ nínú, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti ṣe é. Tí èédú kan bá wà níbẹ̀, kódà kó kéré bí èékánná, wọ́n á fi kábọ̀nù inú ẹ̀ mọ nǹkan bí ìgbà tí igi yẹn kú, àlàfo 10,000 ọdún yẹn á wá kéré sí ìwọ̀nba ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan.

Ọmọ Òkè-Fíà
Páìpù yẹn, báwo ló ṣe máa gba abẹ́ òkúta kọjá láìjẹ́ pé òkúta wó lé òmùwẹ̀ lórí? Birikilà, ẹ bá wa dá sí ibẹ̀.

Birikilà Dàda
Wọn ò gbọdọ̀ gbẹ́ abẹ́ ẹ̀ tààrà. Kí wọ́n jìnnà díẹ̀ sí etí ẹ̀, kí wọ́n wá dọ̀dẹ̀ páìpù náà wọlé ní ìdàgẹ̀ẹ̀rẹ̀. Òkúta tó ti jókòó láti ọjọ́ tó pẹ́ báyẹn ti rì mọ́ra, páìpù tó kéré ò lè yẹ̀ ẹ́ nídìí. Kòtò ni kí wọ́n má gbẹ́.

Ìyá Àmọ̀kẹ́ Ẹlẹ́ja
Kí wọ́n sì bá mi wo ìpẹ́ ẹja tí wọ́n bá rí níbẹ̀, bóyá ti èpìyà ni àbí ti àrọ̀. Káyọ̀dé, àrọ̀ kò ní ìpẹ́, egungun orí ẹ̀ ni kí wọ́n máa wò. Tó bá jẹ́ ti àrọ̀ ló pọ̀, ibi tí omi ti rọra wá, tó kún fún ẹrọ̀fọ̀ ni ibẹ̀ nígbà yẹn.